Kí Fandéṣọ̀n Tó Ta Kánópì: Ìwé Ìtọ́sọ́nà Ìlera fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé l'Ékìtì

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ò tíì sá fi oko sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà láwọn ìlú kéékèèké àti abà Èkìtì la kọ èyí fún, láti Ọ̀mùò títí dé Ẹ̀fọ̀n, níbi tó jẹ́ pé kéèyàn tó dé ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó, owó ọkọ̀ nìkan ti tó ra oògùn.

Ẹ ti rí i rí. Fandéṣọ̀n kan á dé, wọ́n á ta kánópì síwájú ààfin, nọ́ọ̀sì á máa yẹ BP wò, wọ́n á pín oògùn, wọ́n á pín gíláàsì ojú, wọ́n á ya fọ́tò rẹpẹtẹ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti lọ. Iṣẹ́ rere ni o, a ò bú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ò mọ̀ pé fandéṣọ̀n ti lọ. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún Ìyá Àgbà á tán, kò sì ní mọ ibi tó ti máa rí òmíì, ló bá tún di bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kẹ́ ẹ máa bi wọ́n kí wọ́n tó ta kánópì rárá: tẹ́ ẹ bá lọ tán, kí ló máa kù fún wa?

Ta ni wọ́n, ibo ni wọ́n ti ń rówó

Fandéṣọ̀n kì í ṣe ìjọba, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú (bó tiẹ̀ jẹ́ pé tí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, àwọn kan máa ń dà á pọ̀, ojú yín ló rí i). Ó lè jẹ́ ọmọ ìlú tó ti rí ṣe ló dá a sílẹ̀, ó lè jẹ́ ẹbí ló fi ń rántí òbí wọn tó ti kú, ó lè jẹ́ àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lókè òkun tí wọ́n ń dá owó jọ. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó á ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin CAMA ti ọdún 2020 ṣe là á kalẹ̀, àwọn tí wọ́n ń pè ní trustee ló ń di ohun ìní rẹ̀ mú, wọn ò sì gbọdọ̀ pín èrè rẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹ ní kí ọmọ yín kan tó ní fóònù wá orúkọ wọn lórí sáìtì CAC, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti déètì lára oògùn wọn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó gba ohun ọ̀fẹ́, tàbí tó ń bèèrè BVN àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ATM, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ohun tó lè kù sílẹ̀

Nínú gbogbo ohun tí fandéṣọ̀n lè ṣe fún ìlú, èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni èyí táwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè, ìyẹn ni owó oògùn tó ń yí po ní hẹ́lùtì sẹ́ńtà. Kì í ṣe nǹkan tuntun, ní Bàmákò lórílẹ̀-èdè Mali làwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà ti fọwọ́ sí irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1987. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Fandéṣọ̀n á ra oògùn àkọ́kọ́ kún sẹ́ńtà, oògùn ibà, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, oògùn ẹ̀jẹ̀ fún aboyún, kì í ṣe oògùn olówó ńlá. Ẹni tó bá ṣàìsàn á rà á ní owó pọ́ọ́kú tó fi díẹ̀ ju iye tí wọ́n rà á lọ, owó yẹn ni wọ́n á fi ra òmíì, ohun tó lé lórí á sì gbé tálákà tí ò ní rárá. Tí wọ́n bá ń ṣe é dáadáa, kò ní tán.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ la fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́. Ó máa ń bàjẹ́ tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń gba owó, tó ń rajà, tó tún ń kọ ìwé. Ó máa ń bàjẹ́ tí aláṣẹ bá ń gba oògùn láwìn tí kò sì sẹ́ni tó lè sìn ín lówó. Ó sì máa ń bàjẹ́ tí ọjà bá wọ́n tí ẹ kọ̀ tẹ́ ẹ ò fowó lé iye tẹ́ ẹ ń tà á, torí owó tẹ́ ẹ rí lórí páálí kan ò ní ra ìdajì páálí mọ́. Nítorí náà, kí áákántì ní báǹkì ní ju ẹnì kan lọ tí yóò máa fọwọ́ sí i, kí obìnrin kan láti inú ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà níbẹ̀ (àwọn ìyá wa mọ ìṣirò èlé orí ọjà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ), kí wọ́n lẹ iye owó oògùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri gbàgede, kí wọ́n sì máa ka ìwé owó sí etígbọ̀ọ́ ìlú lóṣooṣù.

Kọmití wọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ sẹ́ńtà, ni kó dúró ti èyí, kì í ṣe fandéṣọ̀n. Òfin ìlera ọdún 2014 ló dá owó kan sílẹ̀ láti Àbújá, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀, apá kan rẹ̀ sì wà fún àwọn sẹ́ńtà alábọ́dé. Tí kọmití yín bá sùn, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó dé tàbí kò dé.

Ìnṣọ́ránsì ìlera náà ń bẹ. Ìjọba Èkìtì ní ètò tí wọ́n ń pè ní Ùlera Wa. Fandéṣọ̀n tó bá lówó díẹ̀ lè san owó ọdún kan fún opó, arúgbó àti aláàbọ̀ ara, ó dáa ju kí wọ́n pín pọ̀nmọ́ àti ìrẹsì lọ. NIN ni wọ́n sábà máa ń bèèrè níbẹ̀, ẹ fún wọn lójú nọ́ọ̀sì, kì í ṣe lórí ọ̀kadà.

Bọ̀hóòlù? Ó dáa, àmọ́ kẹ́ ẹ tó yọ̀ ẹ bèèrè ta ló máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí kò ní parẹ́

Ohun tí wọ́n bá kọ́ yín kò ní déètì tó ń lọ lórí rẹ̀, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù kẹ́ ẹ sì máa wo ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní èyí tó kan iṣẹ́ yín gan-an.

Ibà Lassa ńkọ́? Ọdún 1969 ni wọ́n ti dá a mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno, ìpínlẹ̀ Òǹdó tó múlé gbè wá sì wà lára ibi tó ti ń pọ̀ jù. Eku ló ń gbé e, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ. Èlùbọ́, láfún àti gàárì tẹ́ ẹ ń sá sí ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn eku náà ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sá a sórí pèpéle tó ga tàbí kí ẹnì kan jókòó tì í, kẹ́ ẹ sì kó o wọlé kílẹ̀ tó ṣú, sínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má fọwọ́ lásán mú eku, kódà èyí tó ti kú. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó hàn lára, á sì kọ́kọ́ dà bí ibà lásán, nítorí náà tí wọ́n bá ti lo oògùn ibà tán tí ara ṣì ń gbóná, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde níbikíbi, ẹ má dúró ti àgbo, ẹ gbé e lọ. Nọ́ńbà NCDC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, tẹ́ ẹ lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ ni 6232.

Oògùn oko náà wà ńbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni NAFDAC ti fòfin de paraquat, oògùn koríko kan, tẹ́ ẹ bá rí i lọ́jà ẹ má rà á, torí kò sí ẹ̀rọ̀ kankan fún ẹni tó bá gbé e mì. Ẹ má bu oògùn koríko sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà láéláé, ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) àti oògùn zinc ní sẹ́ńtà ló dáa jù, ẹ sì lo zinc náà fún ọjọ́ 10 sí 14 bí ìgbẹ́ ọ̀hún tiẹ̀ ti dá. Tí kò bá sí ORS nítòsí: omi mímọ́ líítà 1 (ìgò 50cl méjì), ṣúgà ṣíbí tíì 6 tẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ má dá iyọ̀ jù. Tó bá di ọjọ́ kejì ẹ dà á nù, ẹ po òmíì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá dé

Ẹ má ṣe ti oko sáré wọ abẹ́ kánópì kẹ́ ẹ sì na ọwọ́ fún nọ́ọ̀sì. BP yín á ga, ẹ̀rù á bà yín lásán. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n. Tó bá tó 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn ní sẹ́ńtà, tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kì í ṣe ìgbà tí orí bá ń fọ́ yín nìkan lẹ máa lo oògùn rẹ̀, ojoojúmọ́ ni, àti ọjọ́ tí ara yín le koko.

Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò sínú nylon kan dání, àti àgbo pẹ̀lú, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún dókítà. Ẹ mú ìwé ẹ̀kọ́ kékeré kan dání kí wọ́n kọ BP, ṣúgà àti orúkọ oògùn sí i. Èyí tó ṣe kókó jù lọ rèé, kí nọ́ọ̀sì sẹ́ńtà yín jókòó ti tábìlì wọn láti àárọ̀, kó máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí BP tàbí ṣúgà rẹ̀ ga sínú rẹ́jísítà tirẹ̀. Òun ló máa kù pẹ̀lú yín lọ́la.

Lẹ́tà yín

Ẹ má dúró dè wọ́n, ẹ kọ̀wé. Kọmití wọ́ọ̀dù ló máa kọ ọ́, kí Kábíyèsí tàbí Baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ. Ẹ sọ iye ilé tó wà nílùú, bí ọ̀nà ṣe rí nígbà òjò, bóyá nọ́ọ̀sì ń sun sẹ́ńtà lálẹ́, àìsàn tó pọ̀ jù nínú rẹ́jísítà, ohun tẹ́yin fúnra yín ti ṣe (bí ẹ bá ti kun ilé náà, ẹ kọ ọ́), àti ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ kó kù sílẹ̀. Ẹ dá ọjọ́ tí kò ní bọ́ sí ọjọ́ ọjà, tí kò sì ní bọ́ sí àárín ìgbà tí gbogbo ayé ń kọ ebè. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kó sì kọ déètì sí i.