Abúrà ni mo sanwó fún, mèlánà ni wọ́n kó fún mi

Ẹni tó bá mọ igi méjèèjì á ti mọ ohun tó ń dùn mí. Abúrà, igi àbàtà ni, omi kì í bà á lẹ́rù. Mèlánà, ilẹ̀ Éṣíà ni wọ́n ti gbé e wá, kò sì fẹ́ kí omi dúró sí ìdí òun.

Ilẹ̀ mi wà létí odò Ògùn, nísàlẹ̀ Lafẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta. Tí òjò oṣù kẹsàn-án bá le, tí wọ́n tún ṣí omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀ lókè, gbogbo ẹ̀ ló ń dòkun. Àwọn ará àdúgbò ní kí n da yẹ̀pẹ̀ sí i, kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní rárá, kí koríko àti igi ibẹ̀ padà, kí ẹyẹ àti ẹran rí ibi forí pamọ́ sí.

Èèsún ò gba ọ̀rọ̀: ẹ gé e bí ìrèké, ẹ dá a sí ẹ̀gbẹ́, kí oríkèé méjì wọlẹ̀. Ọ̀dán náà, ẹ̀ka rẹ̀ tó nípọn ni mo rì sápá òkè tí omi kì í pẹ́ sí. Èso rẹ̀ loúnjẹ ẹyẹ.

Ọ̀rọ̀ abúrà ló gbé mi nílẹ̀. Ẹ rin gbogbo etí títì Abẹ́òkúta, òdòdó àti ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé ni wọ́n ń tà. Ọkùnrin kan ló ní òun ní abúrà, ó gbowó lóṣù kẹta kí n lè gbìn ín bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹrin: "Mọ́mì, wọ́n ṣì kéré." Oṣù karùn-ún, awakọ̀ ò wá. Oṣù kẹfà, kò gbé fóònù mọ́. Ìgbà tí odò ti ń ru ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

Mo gbé ọ̀kan, mo wo ibi tí ewé ti kọjú síra. Ní ti abúrà, ewé pẹlẹbẹ kékeré méjì máa ń pàdé níbẹ̀, wọ́n á bo èhù tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí ò ní. Mo pe ọkùnrin náà.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì, igi ṣáà ni gbogbo wọn."

Ẹ gbọ́ o! Ó tún ní kí n fi owó ọkọ̀ kún un.

Bàbá apẹja kan ló mú mi dé ìdí ìyá abúrà, igi ńlá tó ti ń so, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Hóró rẹ̀ kéré débi pé èémí ẹnu á gbé e lọ. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ o, orí ilẹ̀ tútù ni kẹ́ ẹ wọ́n ọn sí, kí ìmọ́lẹ̀ kàn án. Èmi fúnra mi ni mo hù ú, ẹ jẹ́ n fọ́nnu díẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà, kó ní kí wọ́n fi ìyá igi han òun kó tó sanwó.

Ọ̀yà ti dé inú èèsún báyìí, tàkúté àwọn ọmọ àdúgbò náà sì ti tẹ̀ lé e. Ọgbà wáyà ò ṣeé ṣe. Bí omi bá dé, ìdọ̀tí á há sí i, á wó o. Mo ti fẹjọ́ sun baálẹ̀. Wọ́n ní àwọn á pe àwọn ọmọ náà lẹ́yìn ọdún.