Kí Ẹ Tó Ta Gìtá Yín Fún Ẹlòmíràn: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àgbàlagbà Tó Ń Kọ́ Gìtá

Gìtá mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Kò sí èyí tó tíì pé ọdún kan lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Àwọn tó ni wọ́n ti dàgbà, wọ́n níṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ní ìdílé, gbogbo wọn ló sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi: "Ẹ bá mi wá ẹni tó máa rà á, ìka mi ò gbọ́ràn." Inú bí mi. Kì í ṣe àwọn ni mo bínú sí o. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó ti lọ, oṣù ti lọ, ìfẹ́ tí wọ́n ní sí gìtá náà sì fẹ́ bá a lọ, nítorí ohun tí èèyàn ìbá ti bójú tó láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mi ò ní í ka orúkọ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún yín níbí, mi ò sì ní í ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe mọ́ ni mo fẹ́ sọ.

1. Ẹ má dá ìka yín lẹ́bi kí ẹ tó wọn gìtá yín

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tẹ́rùn.

Ẹni ọdún 34 ni mí nígbà tí mo ra gìtá àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi bá kọ́ọ̀dù F jà, èyí tí ìka kan ń tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀ pa pọ̀. Alaalẹ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, alaalẹ́ ló ń dún bí ẹni ń na páálí. Mo ra ìwé. Mo ra gìtá kejì, mo ní bóyá èkíní ni kò dáa. Èkejì náà ò yàtọ̀. Mo tún ra pẹ́dà méjì tó ń yí ohùn padà, nígbà tó jẹ́ pé ohùn kọ́ ni ìṣòro mi rárá. Owó tí mo ná sórí gbogbo ìyẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lọ́jọ́ kan, àgbà onígìtá kan tí mo máa ń lọ gbọ́ ní kí n gbé gìtá mi wá. Wọn ò fọwọ́ ta okùn rẹ̀ rárá. Wọ́n gbé ìdí rẹ̀ sí èjìká, wọ́n di ojú kan, wọ́n wo gígùn ọrùn rẹ̀ bí káfíńtà ṣe ń wo pákó bóyá ó tẹ̀. Wọ́n mú rúlà onírin kékeré kan, wọ́n nà án ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tó nípọn jù níbi fírẹ́ẹ̀tì 12, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kejìlá tó dábùú ọrùn gìtá, tí a bá kà á láti ibi orí gìtá. Mìlímítà 4. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Àbúrò, ta ló ní kí o máa jẹ irú ìyà yìí?"

Wọ́n tú okùn, wọ́n yọ egungun funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn ń gùn lórí ìsàlẹ̀ gìtá, wọ́n fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ́ sáńdípépà sórí gíláàsì, wọ́n wá ń fa egungun náà lọ, wọ́n ń fà á bọ̀, jẹ́jẹ́, láìtẹ apá kan ju èkejì lọ. Ìyẹ̀fun funfun ń kún orí gíláàsì. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé tí èèyàn bá fẹ́ kí okùn wálẹ̀ ní mìlímítà 1 níbi fírẹ́ẹ̀tì 12, mìlímítà 2 ló máa fá kúrò lára egungun yẹn, torí pé àárín gbùngbùn okùn ni fírẹ́ẹ̀tì 12 wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú fáìlì tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, wọ́n fi mú kí ojú ihò tí okùn ń gbà kọjá lára egungun òkè, nítòsí orí gìtá, jìn sí i díẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni F dún lọ́wọ́ mi, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ketekete. Ìka tí mo ti ń bú fún oṣù mẹ́jọ náà ló tẹ̀ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ lọ mú rúlà. Ẹ wọn àlàfo láti orí fírẹ́ẹ̀tì 12 sí abẹ́ okùn. Fún gìtá olókùn irin tí kò lo iná, ti okùn tó nípọn jù kò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju mìlímítà 2.5 lọ, ti èyí tó tín-ín-rín jù kò sì yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ ju 2 lọ. Ti gìtá tó ń lo iná máa ń kéré sí i, nǹkan bíi 1.5 sí 2. Ti gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù ló máa ń ga, nǹkan bíi 4 àti 3, torí pé okùn rẹ̀ rọ̀, ó sì nílò àyè láti mì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá sí òkè. Ẹ tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì 3, kí ẹ wo àárín okùn àti fírẹ́ẹ̀tì 1. Àlàfo tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò nípọn ju bébà lọ. Tó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá yàlàyàlà, egungun òkè ti ga jù. Ọ̀pọ̀ gìtá tuntun ló ń ti ilé iṣẹ́ jáde bẹ́ẹ̀, torí pé ihò tó jìn jù ló ń mú okùn hó, ẹni tó ṣe é kò sì fẹ́ kí wọ́n dá a padà. Ìdí nìyẹn tí gìtá kejì tí mo rà fi jẹ́ bákan náà.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí kò gba rúlà. Ẹ gbé ìka tí ẹ fi ń tẹ F lọ sí fírẹ́ẹ̀tì 5. Kọ́ọ̀dù A nìyẹn. Tó bá dún dáadáa níbẹ̀, tó wá di ìjà ní fírẹ́ẹ̀tì 1, egungun òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Títí ẹ fi máa rí ẹni tó máa bá yín ṣe é, ẹ fi kápò, ohun ìdìmú tó ń tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, sí fírẹ́ẹ̀tì 1 tàbí 2, kí ẹ máa kọ́ṣẹ́ lọ. Bí kápò bá ti wà lórí rẹ̀, gíga egungun òkè kò ní agbára lórí yín mọ́. Tó bá jẹ́ okùn irin tí nọ́ńbà ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 12 ló wà lórí gìtá yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10, tó tín-ín-rín jù ú lọ. Ìka yín máa mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fáìlì ilé ṣe é fúnra yín. Ihò tó bá ti jìn jù, okùn á máa hó, egungun tuntun ni ẹ máa rà. Ẹ má sì yí irin inú ọrùn gìtá torí pé ẹ fẹ́ kí okùn wálẹ̀. Iṣẹ́ irin yẹn ni kó mú ọrùn dúró déédéé, kì í ṣe kó sọ okùn kalẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n yí títí tó fi já. Ọrùn gìtá yẹn parí.

Ohun tó ṣe gìtá àkọ́kọ́ lórí tábìlì mi nìyí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáa, egungun òkè ló ga. Oṣù mẹ́sàn-án ni ẹni tó ni ín fi ń rò pé ìka òun kúrú.

2. Ẹ má fi okùn irin sórí gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù

Láéláé. Agbára tí okùn irin mẹ́fà fi ń fa gìtá lè tó kílò 70, ti náílọ́ọ̀nù kò ju nǹkan bíi kílò 40 lọ, pákó iwájú gìtá náílọ́ọ̀nù kò sì lágbára tó láti gba ìyàtọ̀ yẹn. Gìtá kejì lórí tábìlì mi nìyẹn: igi tí wọ́n so okùn mọ́ ti ń ṣí kúrò lójú rẹ̀, ó ti ya débi pé etí bébà ń wọ abẹ́ rẹ̀.

3. Ẹ má fi gìtá tí ohùn rẹ̀ kò bọ̀ sípò kọ́ṣẹ́

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, lójoojúmọ́, ẹ fi túnà, ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá ohùn okùn bọ̀ sípò, wò ó, láti okùn tó nípọn jù dé èyí tó tín-ín-rín jù: E, A, D, G, B, E. Kọ́ọ̀dù tí ẹ tẹ̀ dáadáa á dún burúkú lórí gìtá tí ohùn rẹ̀ ti yẹ̀, ẹ̀yin á sì rò pé ẹ ṣì í tẹ̀. Okùn tuntun máa ń fà fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ máa fi ìka fà á jẹ́jẹ́, kí ẹ tún un wò.

4. Ẹ má kó gbogbo ìkọ́ṣẹ́ yín sí wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀

Mo mọ̀ pé àgbàlagbà kò ní àyè. Ìdí gan-an tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú 15 ta gìtá lójoojúmọ́ ti lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 lọ́sẹ̀, kò sì sí ìgbà kan tí mo rí ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó bá a dọ́gba lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Oorun òru ló ń jẹ́ kí ohun tí ìka kọ́ dúró sára. Òru méje ju òru kan lọ. Awọ orí ìka náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń le, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá ń tẹ okùn lójoojúmọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan, ìléròrò ló máa yọ, ẹ máa sinmi ọjọ́ márùn-ún, awọ á tún rọ̀, ẹ tún padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì fi gìtá pamọ́ sínú àpótí rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń kọ́ ọ. Kí ẹ tó ṣí àpótí, kí ẹ tó gbé e jáde, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ yín ti lè kàn án bí ẹ bá ń kọjá. Kó ṣáà má jẹ́ ojú oòrùn, kó má sì jẹ́ inú mọ́tò.

Bí ẹ bá wá jókòó fún ìṣẹ́jú 15 yẹn, ẹ má lò ó láti máa ta orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo máa ń gbọ́ èyí láti yàrá kejì, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sáré wọlé. Orin ń lọ, ó dé ibi tó le, ó fọ́, ẹni náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó tún fọ́. Lọ́nà yìí, ó ti ta ìbẹ̀rẹ̀ tó ti mọ̀ ní ogún ìgbà, ó sì ti kọ́ àṣìṣe kan náà ní ogún ìgbà. Ìka kò mọ èyí tó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí kò tọ́. Ohun tí ẹ bá ń ṣe léraléra ló ń kọ́. Ẹ yọ ibi tó le yẹn sọ́tọ̀. Ẹ fi mẹ́tírónóòmù, ẹ̀rọ tó ń lu ìlù déédéé fún yín, sí ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ṣì ń fọ́, ẹ sọ ọ́ di 40. Ìgbà tó bá dún láìfọ́ ní ìgbà márùn-ún tẹ̀léra ni kí ẹ fi 4 tàbí 5 kún un. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ wá kọ́ gìtá lọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní láti kọ́ọ̀dù Am bọ́ sí kọ́ọ̀dù C kò ṣeé ṣe fún àwọn. Mo ní kí wọ́n ṣe é kí n wò ó. Gbogbo ìka ni wọ́n gbé sókè, wọ́n gbé ọwọ́ jìnnà sí gìtá, wọ́n wá ń wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa bà sí. Mo fi ọwọ́ mi tẹ ìka wọn méjì mọ́lẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá wà lórí okùn B ní fírẹ́ẹ̀tì 1, ìka àárín wà lórí okùn D ní fírẹ́ẹ̀tì 2, àwọn méjèèjì sì wà nínú kọ́ọ̀dù C bákan náà. Ìka òrùka nìkan ló ń rìn, láti okùn G lọ sórí okùn A ní fírẹ́ẹ̀tì 3. Màmá dákẹ́, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ tó fi kọ́ọ̀dù kan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìka tí kò nílò láti kúrò.

Àwọn tó ń tẹ okùn bí ẹni fẹ́ pa á: ẹ fi ìka lé okùn láìtẹ̀ ẹ́, ẹ máa ta á lọ, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ohùn á fi mọ́. Agbára tó nílò kò ju ìyẹn lọ. Ìka gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹ̀yìn fírẹ́ẹ̀tì pẹ́kípẹ́kí, kó má jókòó sí àárín méjì. Bí orí ìka bá ń ta yín, kò léwu. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn yín, tàbí ọwọ́ ń kú, ẹ gbé gìtá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ rí dókítà.

Olùkọ́ mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe olùkọ́. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ tẹ̀ lé e fún oṣù mẹ́ta.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọjọ́ ti lọ lórí yín tàbí pé ìka yín kò tó. Iná jó Django Reinhardt, gbajúmọ̀ onígìtá jáàsì, lọ́dún 1928, ìka òrùka àti ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó tún gìtá kọ́, ìka méjì tó kù ló gbára lé, títí di òní làwọn onígìtá ṣì ń jókòó ti ohun tó ta.

Ó ku gìtá kẹta. Mo wọn òkè, mo wọn ìsàlẹ̀, mo wo ọrùn rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Mo bi ẹni tó ni ín pé ìgbà wo ló máa ń ta á. Ó ní ọjọ́ Àìkú ni, wákàtí mẹ́ta, tí gbogbo ilé bá ti sinmi. Pé láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, inú àpótí lókè kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wà. Mi ò bá a wá ẹni tó máa rà á. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá gbé e, mo sì ti wá irin tí wọ́n ń gbé gìtá dúró sí kan sílẹ̀ dè é, òun àti gìtá ni yóò jọ gbé lọ.