Tí wọ́n bá fẹ́ ti ibùdó panápaná àdúgbò yín pa ní London, ìṣẹ́jú ni kí ẹ fi jà

Ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2014 ni wọ́n ti ibùdó panápaná mẹ́wàá pa lẹ́ẹ̀kan náà ní London. Woolwich, Southwark àti Downham, níbi tí Yorùbá ò ti ṣọ̀wọ́n, wà lára wọn. Clerkenwell tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1872 náà bá a lọ. Ọkọ̀ panápaná 14 àti iṣẹ́ 552 ló bá ètò yẹn lọ. Àmọ́ ibùdó méjìlá ló wà nínú àbá àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí aráàlú ti sọ tẹnu wọn ni wọ́n yọ New Cross àti Clapham kúrò. Nígbà tí kánsù méje wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga ní ìparí ọdún 2013, wọn ò rí ẹyọ kan gbà padà. Àsìkò tí wọ́n ń gba èrò aráàlú ni ọwọ́ ṣì lè tẹ nǹkan. Tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú tán, ẹ̀pa ò fẹ́ẹ̀ bóró mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó di ọ̀bẹ mú. Ní 2013, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso panápaná kọ̀ jálẹ̀, Boris Johnson tó jẹ́ Méyọ̀ nígbà náà sì pàṣẹ pé dandan ni kí wọ́n ṣe é. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2018, ìgbìmọ̀ yẹn ò sí mọ́: London Fire Commissioner, ọ̀gá àgbà panápaná London, ló ń darí iṣẹ́, Méyọ̀ ló ń fọwọ́ sí ètò àti owó rẹ̀. London Assembly, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí aráàlú dìbò yàn láti máa ṣọ́ Méyọ̀, lè bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì lè yí ìṣúná Méyọ̀ padà tí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn bá dìbò bẹ́ẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ àdúgbò yín lè bá yín pariwo, ṣùgbọ́n kò ní ìbò níbẹ̀. Kì í ṣe bákan náà níbi gbogbo: ní Manchester, Méyọ̀ ni, ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, àwọn kánsẹ́lọ̀ inú ìgbìmọ̀ panápaná ló ń dìbò, ẹ sì lè kan ilẹ̀kùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé. Iléeṣẹ́ panápaná yóò sọ pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ṣì ń dé láàárín ìṣẹ́jú 6, èkejì láàárín ìṣẹ́jú 8. Òótọ́ ni wọ́n lè máa sọ, àmọ́ ìpíndọ́gba gbogbo ìlú ni. Àdúgbò kan lè máa dúró pẹ́ kí ìṣirò gbogbo London má mì rárá. Ẹ lọ sórí London Datastore, ìkànnì tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ ìlú London sí, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ gba fáìlì méjì: LFB Incident Records, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kan, àti Mobilisation Records, níbi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ọkọ̀ kan. Ẹ ṣí i nínú Excel, ẹ yọ wọ́ọ̀dù yín sọ́tọ̀, kí ẹ wá wo òpó FirstPumpArriving_AttendanceTime, ìyẹn àsìkò tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ fi dé. Ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n fi kọ ọ́: 360 ni ìṣẹ́jú 6, 480 ni ìṣẹ́jú 8.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́. Àyè tó ṣófo kì í ṣe òdo. Tí ẹ bá kà á sí òdo, ìpíndọ́gba yín yóò wálẹ̀, ẹ ó sì ti bá wọn ṣe iṣẹ́ wọn. Ẹ má pa ìdágìrì òfìfo pọ̀ mọ́ iná gidi. Ẹ má sì lo oṣù díẹ̀, torí iná inú wọ́ọ̀dù kan kò pọ̀, òru burúkú méjì péré lè yí gbogbo rẹ̀ padà; ẹ lo ọdún mẹ́ta, ó kéré tán. Nínú fáìlì kejì, òpó DeployedFromStation_Name, ìyẹn orúkọ ibùdó tí ọkọ̀ ti jáde, yóò jẹ́ kí ẹ ka iye ìgbà tí ọkọ̀ ibùdó yín ló kọ́kọ́ dé, àti ibi tí èkejì ti wá. Ẹ rántí pé aago wọn kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ 999, ìgbà tí wọ́n pe ọkọ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì dúró sẹ́nu ọ̀nà ni aago náà dúró. Àsìkò tí wọ́n fi ń gun àkàbà dé àjà kejìlá kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí kò sí lórí Datastore, ẹ fi òfin Freedom of Information, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, béèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ 20 ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ béèrè iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ṣírò fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ṣáájú títì àti lẹ́yìn rẹ̀, àti iye ọjọ́ tí ọkọ̀ yín ò jáde nítorí àìtó òṣìṣẹ́. Ẹ má béèrè "gbogbo ìwé tó kan ọ̀rọ̀ yìí": iṣẹ́ tó bá lé ní wákàtí 18, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ èsì nígbà tí wọ́n ń gba èrò aráàlú, ẹ má gbára lé ìwé ẹ̀hónú tí gbogbo ènìyàn buwọ́ lù. Wọ́n lè ka orúkọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún sí èsì kan ṣoṣo. Kí kálukú kọ tirẹ̀, kó sì kọ ohun tí máàpù wọn ò rí: ìyá àgbà tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ ní àjà kẹjọ, gáàsì ẹ̀yìn ilé oúnjẹ, ìsọ òru ọjọ́ Ẹtì ní ilé ìkẹ́rù tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ní Old Kent Road. Àwọn olùjọ́sìn yẹn ò sùn níbẹ̀, nítorí náà ìṣirò tó ń ka ènìyàn mọ́ ilé wọn kò ní rí wọn. (Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó sọ̀rọ̀, kó ti ṣe àyẹ̀wò ewu iná tirẹ̀ ná o. Panápaná kan náà ló ń wá yẹ ilé wò.)

Ilé ẹjọ́ kì í béèrè bóyá títì náà bọ́gbọ́n mu. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń wò. Ṣé àbá lásán ló ṣì jẹ́ nígbà tí wọ́n pe aráàlú? Ṣé wọ́n sọ ìdí tó kún? Ṣé àsìkò tó? Ṣé wọ́n ro èsì yín rò? Ẹ tọ́jú gbogbo lẹ́tà àti ọjọ́ tí wọ́n dé. Ẹ tètè rí agbẹjọ́rò, torí oṣù mẹ́ta ni gbèdéke, ilé ẹjọ́ sì lè sọ pé ẹ pẹ́ kó tó pé.

Tí wọ́n bá wá fi ẹ̀bẹ̀ dé, pé àwọn ò ní ti ibùdó pa mọ́, ọkọ̀ òru nìkan làwọn máa mú lọ, ẹ má tíì dáhùn. Ẹ padà sínú fáìlì kejì, ẹ yọ HourOfCall, ìyẹn wákàtí tí ìpè wọlé, láti 20 (aago mẹ́jọ alẹ́) sí 7 (aago méje àárọ̀) sọ́tọ̀, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọkọ̀ yẹn jáde.