Bí mo ṣe rí bàbá bàbá mi nínú ìwé àtijọ́ l'Óǹdó

Ẹ má fi gbogbo agbára yín wá ìwé ìbí kiri ọ́fíìsì. Lóòótọ́, òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti wà láti 1917, ṣùgbọ́n inú oko ni ọ̀pọ̀ ìyá ti ń bímọ. Ta ni yóò gbé ọmọ tọ akọ̀wé ìjọba lọ?

Ìwé ìrìbọmi ìjọ ló yanjú tèmi. Mo wá orúkọ ìdílé wa títí, n ò rí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló tanná sí i: "Bàbá bàbá rẹ ti dàgbà kó tó ṣe ìrìbọmi. Orúkọ rẹ̀ gan-an lẹ sọ di orúkọ ìdílé." Áà! Mo bá pa orúkọ ìdílé tì, mo ń ka òpó àdúgbò àti òpó iṣẹ́: Òkèlísà, àgbẹ̀. Tádàáwà ti ṣá, nítorí náà mo fi iná fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè. Ibẹ̀ ló wà, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ tí a ò gbọ́ rí.

Orúkọ yẹn ni mo wá ń gbé lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba n'Íbàdàn báyìí, níbi tí fáìlì Ondo Province, ẹkùn Oǹdó láyé ìjọba amúnisìn, wà.