Bí ẹ ṣe lè fi ìṣirò tọpa ọgbẹ́ tó ń dí nínú abọ́ sẹ́ẹ̀lì

Ọgbẹ́ tó rọrùn jù láti ṣírò ni èyí tí a fi ọwọ́ fà sínú abọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì awọ kún ìsàlẹ̀ abọ́ láìku àlàfo, kí ẹ fi ẹnu pípẹ́ẹ̀tì 200 µL (máíkírólítà) fa ìlà kan gbọọrọ la àárín rẹ̀. Ẹ rọra fọ èyí tó ṣí kúrò dànù. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á tún lẹ̀ mọ́ àárín ọgbẹ́, á sì máa bí sí i níbi tí ìṣirò yín gbà pé kò sí nǹkan kan. Ká ní àlàfo tí ẹ rí fẹ̀ tó 500 máíkírómítà (µm). Ẹ ya fọ́tò ojú kan náà ní wákàtí méjì-méjì, ẹ fi ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wọn gbogbo ààyè tó ṣófo, kí ẹ wá fi gígùn ọgbẹ́ inú fọ́tò pín in. Bí ẹ ṣe máa rí ìbú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má wọn ojú kan ṣoṣo, torí etí ọgbẹ́ kì í tọ́.

Nǹkan méjì ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe tí àlàfo fi ń dí: wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń pín sí méjì. Ìdọ́gba tó kó méjèèjì pọ̀ nìyí:

∂u/∂t = D ∂²u/∂x² + r u (1 − u)

t ni àkókò, x ni ojú ibi tí a ń wò bí a ṣe ń la ọgbẹ́ kọjá. u ni ìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì: 0 níbi tó ṣófo, 1 níbi tó kún. D ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń rìn káàkiri tó, r ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń yára bí sí i. (1 − u) ni ìjánu: bí ààyè bá ṣe ń kún ni ìbísí ń dín kù. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì R. A. Fisher lo ìdọ́gba yìí ní 1937 fún bí àbùdá tó ṣàǹfààní ṣe ń tàn kálẹ̀ láàárín ẹ̀dá. Nígbà tó di 1990, Sherratt àti Murray lo irú rẹ̀ fún ọgbẹ́ awọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n fẹ́ fi bí ọgbẹ́ ṣe yára dí mọ D àti r pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ṣeé ṣe. Ìyára etí ọgbẹ́, tó bá ti rìn jìnnà, jẹ́ 2√(rD). Bí D bá jẹ́ 1000 µm² ní wákàtí kan, tí r jẹ́ 0.05 ní wákàtí kan, ìyára á jẹ́ nǹkan bí 14 µm ní wákàtí. Ẹ sọ D di 500, kí r di 0.1: iye kan náà gẹ́lẹ́ lẹ máa rí. Nítorí náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ wọn wọ́n.

Ẹ kọ́kọ́ wá r. Ẹ gbin sẹ́ẹ̀lì sínú abọ́ mìíràn tí ẹ kò fa ọgbẹ́ sí, kó má ju ìdá mẹ́wàá ààyè lọ, kí ẹ sì máa kà wọ́n ní wákàtí 6 sí 6 nígbà tí wọn ò tíì pọ̀. Bí wọ́n bá di ìlọ́po méjì ní wákàtí T, r = 0.693 ÷ T. T tó jẹ́ 14 fún wa ní 0.0495. Abọ́ tó ti ń kún á tàn yín jẹ, torí ìjánu ti wọlé, r á sì dà bí ẹni pé ó kéré.

Lẹ́yìn náà, D. Ẹ fi oògùn mitomycin C dá pípín sẹ́ẹ̀lì dúró nínú abọ́ tí ẹ fa ọgbẹ́ sí. Nígbà náà r di 0, ìrìn nìkan ló kù. Orí sẹ́ẹ̀lì tiyín ni kí ẹ ti dán ìwọ̀n oògùn náà wò, torí èyí tó bá pọ̀ jù á pa wọ́n, D á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi u = 0.5 ṣe etí ọgbẹ́ níbí o. Nígbà tí r jẹ́ 0, ojú ibi tí u ti jẹ́ 0.5 kì í tètè kúrò níbi tí ẹ fà á sí ní ìbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ti ń wọ inú àlàfo. Ohun tó dára jù ni kí ẹ pín fọ́tò sí ìlà-ìlà oní 50 µm, kí ẹ ka sẹ́ẹ̀lì inú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá D tó bá iye wọ̀nyẹn mu.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà. Ẹ mú 1500 µm, kí ẹ pín in sí ojú 151, 10 µm láàárín ojú kan sí èkejì. u jẹ́ 0 láti 500 dé 1000, 1 ní ìyókù. Ìgbésẹ̀ àkókò jẹ́ 0.02 wákàtí, ìgbésẹ̀ 2400 ló máa gbé yín dé wákàtí 48. Fún ojú kọ̀ọ̀kan (i ni nọ́ńbà rẹ̀):

tuntun[i] = u[i] + 0.2 (u[i−1] − 2u[i] + u[i+1]) + 0.001 u[i] (1 − u[i])

0.001 ni r × 0.02; 0.2 yẹn ni D × 0.02 ÷ 10². Kò gbọdọ̀ kọjá 0.5. Ẹni tó bá sọ ìgbésẹ̀ di 0.06 wákàtí ti dé 0.6, á sì rí i tí u ń fò sókè sódò títí á fi di òdì. Inú u àtijọ́ ni kí ẹ ti máa mú gbogbo iye; bí ẹ bá ń kọ tuntun lé e lórí bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọgbẹ́ kò ní dọ́gba mọ́. Ní òpin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí ojú ìkẹyìn gba iye ẹnìkejì rẹ̀. Bí ẹ bá fi 0 síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì á máa jò jáde, ẹ ti dá ọgbẹ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Pẹ̀lú r = 0, àpapọ̀ u kò gbọdọ̀ yí padà, bí ẹ bá yọ ojú méjì òpin kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ lo 5 µm àti 0.005 wákàtí, bí àkókò tí ọgbẹ́ fi dí bá yí padà gan-an, àlàfo àárín àwọn ojú yín ti tóbi jù.

Ẹ má fi 2√(rD) ṣírò àkókò tí ọgbẹ́ kékeré máa dí. Etí méjì ló ń rìn bọ̀, 14 + 14 jẹ́ 28; 500 ÷ 28 jẹ́ nǹkan bí wákàtí 18, ṣùgbọ́n ní wákàtí 18, u ní àárín kò tíì dé 0.5. Etí ọgbẹ́ nílò ju 1 ÷ r, ìyẹn wákàtí 20, lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ìyára yẹn, etí kejì á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé rẹ̀.

Bí ìlà 50 µm yín bá fi hàn pé etí ọgbẹ́ mú gedegbe, tí kò ní ìrù tó ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, D kan ṣoṣo kò bá a mu. Ẹ sọ ọ́ di D × u, ìyẹn ni pé níbi tí sẹ́ẹ̀lì bá pọ̀ sí ni wọ́n ti ń rìn jù, kí ẹ sì máa lo ìdajì àpapọ̀ u ojú méjì tó tẹ̀lé ara fún ìrìn tó wà láàárín wọn. Ti awọ ara ènìyàn tún jẹ́ ọ̀tọ̀, torí awọ fúnra rẹ̀ ń fà pọ̀. Ìdọ́gba yìí kò mọ̀ nípa fífà yẹn, D ni yóò gbé e rù.