Ìdí tí ímeèlì fi ń pẹ́ kó tó kúrò lórí Postfix, àti bí ẹ ṣe lè wá a rí

Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí oníbàárà ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, aago mọ́kànlá ló tó rí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni server tó gbé e jáde, ẹ má tíì tún un tàn, ẹ má sì tíì yí ohunkóhun padà. Postfix, ètò tó ń gbé ímeèlì jáde lórí server yín, ti kọ ibi tí wákàtí méjì yẹn lọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á.

Ẹ wo ohun tó ń dúró lórí ìlà lẹ́tà (queue):

mailq

Lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìdí tí kò fi tíì lọ wà nínú àkámọ́. Ẹ mú àmì ìdámọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, kí ẹ fi tọ ipa rẹ̀ nínú log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí Postfix ń ṣe:

grep 4F9D21A03B /var/log/mail.log

Lórí Red Hat àti àwọn ẹbí rẹ̀, /var/log/maillog ni. Bí ìlà bá ṣófo, àdírẹ́sì ẹni tí ẹ kọ̀wé sí ni kí ẹ fi wá a. Bí ẹ bá rí status=sent ní aago mẹ́sàn-án, ọ̀dọ̀ server tó gba lẹ́tà lọ́hùn-ún ló ti pẹ́. status=deferred ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n ní kó padà wá, tàbí pé kò rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí gan-an nínú log náà nìyí:

delays=3741/0.02/0.6/0.4

Ìṣẹ́jú àáyá ni gbogbo wọn. Àkọ́kọ́ ni àkókò láti ìgbà tí lẹ́tà ti wọlé títí di ìgbà tí Postfix gbé e síṣẹ́ kẹ́yìn. Ìkejì ni bó ṣe pẹ́ tó kó tó kàn án. Ìkẹta ni wíwá àdírẹ́sì nínú DNS (ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì) àti kíkàn sí server kejì. Ìkẹrin ni gbígbé lẹ́tà náà gan-an. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ọ̀nà dára: wọ́n ti dá lẹ́tà padà tẹ́lẹ̀ ni, ó sì ń dúró. Ẹ padà sókè nínú log, ẹ wá ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dá a padà.

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà èsì 450 tàbí 451 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ greylisting, server tọ̀hún kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ó padà wá ni. Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà ṣe ń pẹ́ lórí ìlà ni Postfix ń fi àyè sí i láàárín ìgbìyànjú, láti 300 títí dé 4000 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ju wákàtí kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ìdádúró kékeré fi ń di ńlá.

"Connection timed out" lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn? Ẹ dán an wò:

nc -vz -w 10 gmail-smtp-in.l.google.com 25

Bí kò bá dáhùn, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ tí ẹ ti yá server ti dí port 25, ẹnu ọ̀nà tí àwọn server ń gbà fi ímeèlì ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ ní kí wọ́n ṣí i, tàbí kí ẹ gba relayhost (server mìíràn tó ń bá yín gbé lẹ́tà) kọjá lórí port 587.

"Host not found, try again" nígbà tí dig, àṣẹ tí a fi ń béèrè lọ́wọ́ DNS, sì ń dáhùn dáadáa máa ń da ènìyàn láàmú. Bí Postfix bá ń ṣiṣẹ́ nínú chroot, ìyẹn fódà kan tí a tì í mọ́ tí kò ti rí fáìlì tó wà lóde, /var/spool/postfix/etc/resolv.conf ló ń kà láti mọ DNS tó máa bi. Ẹ fi wé /etc/resolv.conf; wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu.

Bó bá jẹ́ àdírẹ́sì IPv6 nìkan ló ń kùnà, ẹ kọ inet_protocols = ipv4 sínú main.cf (fáìlì ìṣètò Postfix), ẹ pa Postfix, kí ẹ sì tún un tàn. Ní ti Gmail, ẹ rí i pé dig -x dá orúkọ server yín padà, kí SPF tàbí DKIM, àwọn ẹ̀rí pé lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ yín wá lóòótọ́, sì wà: láti oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn.

Lẹ́yìn àtúnṣe, lẹ́tà yẹn nìkan ni kí ẹ tì jáde:

postqueue -i 4F9D21A03B

Ẹ má máa lo postqueue -f ní gbogbo ìgbà. Ó ń fa àwọn lẹ́tà yòókù sẹ́yìn. Kí ẹ sì kọ delay_warning_time = 1h sínú main.cf. Láìsí i, ẹni tó kọ lẹ́tà lè dúró fún ọjọ́ márùn-ún kó tó gbọ́ pé kò dé.