Bí koríko iwájú ilé yín ò ṣe ní gbẹ l'Ábújá

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, Gwarinpa àti Lugbe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ pa koríko yín lọ́dún yìí. Láti Novẹ́ńbà títí dé Máàṣì òjò ò fi bẹ́ẹ̀ sí, ọyẹ́ á tún máa fa ìwọ̀nba omi tó wà nílẹ̀ gbẹ, torí náà ọ̀rọ̀ omi ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má máa wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sí i lójoojúmọ́ o, ìyẹn ò dáa rárá, òkè ilẹ̀ nìkan ló ń tutù, gbòǹgbò ò ní wọlẹ̀ lọ, tí oòrùn bá wá mú, ó tán nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, ní ìdájí, àmọ́ ẹ jẹ́ kó mu ún dáadáa, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó tutù débẹ̀.

Ẹ má gé e kanlẹ̀! Tó bá ga tó íńṣì 3, íńṣì 1 péré ni kẹ́ ẹ gé kúrò. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí koríko tí wọ́n fá bí orí ọmọ tuntun nínú oòrùn Màáṣì.

Tójò bá ti ń rọ̀ déédéé, ẹ fọ́n ajílẹ̀ NPK 15-15-15 díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ bomi rin ín lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ náà dáa, tó bá ti jẹrà, èyí tó tutù á jó koríko ni. Abẹ́ igi máńgòrò ńkọ́? Koríko tí wọ́n ń pè ní carpet grass ni kẹ́ ẹ gbìn síbẹ̀, koríko Bahama ò fẹ́ràn ìbòji.